Kí la lè ṣe fún bàbá géètì wa?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà wá nímọ̀ràn o. Àwa òbí ní sùkúù kan n'Íbàdàn fẹ́ yẹ́ bàbá tó ń ṣọ́ géètì sí, torí gbogbo October 5 tí wọ́n bá ń ṣe Àyájọ́ Olùkọ́, àwọn tíṣà nìkan ló ń gba gíìfùtù, bàbá á kàn máa bá wọn to àga. Bẹ́ẹ̀ bàbá yìí ló ń mú àwọn ọmọ sọdá títì láràárọ̀, tójò bá rọ̀ wọ́n á pọn àwọn kékeré kọjá gọ́tà. Àwọn kan ní ká ṣe pláàkì, kí ni bàbá fẹ́ fi pláàkì ṣe jàre? Ṣé ká dáwó fún wọn ni àbí ká bá wọn san owó ilé? Ọ̀gá sùkúù ńkọ́, ṣé ká kọ́kọ́ sọ fún wọn?