Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi lórí readline: mẹ́mọ́rì ò jò mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi nìyí: mo ń fi ctypes (irinṣẹ́ Python tó ń pe iṣẹ́ tí a fi C kọ) pe readline ti C (èyí tó ń ka ìlà tí èèyàn bá tẹ̀) láti inú Python, mẹ́mọ́rì sì ń wú ṣáá. Ó ti yanjú. Ẹni tó ní kí n wo restype (ibi tí a ti ń sọ fún ctypes irú ohun tí iṣẹ́ náà máa dá padà), ẹ ṣeun gan-an.

c_char_p, ìyẹn àdírẹ́sì ọ̀rọ̀, ni mo kọ síbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ctypes á da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú bytes, á sì sọ àdírẹ́sì rẹ̀ nù lójú ẹsẹ̀. Malloc, iṣẹ́ C tó ń gba àyè mẹ́mọ́rì, ni readline fi gba àyè yẹn, àwa tí a pè é la gbọ́dọ̀ dá a padà. Kí la wá fẹ́ fún free, iṣẹ́ tó ń dá àyè náà padà?

Mo yí i sí c_void_p, ìyẹn àdírẹ́sì lásán:

p = lib.readline(b"> ")
if p:
    s = ctypes.string_at(p).decode()
    libc.free(p)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ libc.free.argtypes = [c_void_p] (irú ohun tí a máa fún free) kẹ́ ẹ tó pè é. Mo fò ó, ctypes gé àdírẹ́sì bit 64 kù sí 32, gbogbo rẹ̀ sì dojú dé.

Ti getenv (iṣẹ́ C tó ń ka iye àyíká ètò) yàtọ̀ o: ẹ má fi free kan àdírẹ́sì tó bá dá padà, àyè náà kì í ṣe tiwa.

Mo da ìlà 200,000 sí i lálẹ́ àná, mẹ́mọ́rì dúró sójú kan. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.