Aago ọwọ́ tó ń wọn òkè: ẹ gbà mí o, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì lẹ́ẹ̀kan

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyàwó mi ti fi mí ṣe é tó nílé. Aago ọwọ́ ni mo fẹ́ rà, irú èyí tó le bí òkúta, tó ń sọ bí ibi téèyàn dúró sí ṣe ga tó, tó ń wo afẹ́fẹ́ bóyá òjò ń bọ̀, tó sì ní kọ́ńpáàsì nínú. Èwo ni kí n rà nínú Casio Pro Trek, Suunto àti Garmin?

Mo ti ra ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ojú mi sì rí màbo. Ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà ní Balógun ló tà á fún mi. Ó ń pè mí ní Alájì, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Ó ní ₦80,000, mo ná an dé ₦65,000, ó tún gba owó náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi. Ó búra pé ojúlówó ni. Ọjọ́ kẹta ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń tú aṣọ ańkárá fún oníbàárà, aago ní mo ti ń gun òkè! Láàárọ̀ ó kọ 12 mítà. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti di 38. Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà o, mi ò gun àkàbà, mi ò gun àga. Kọ́ńpáàsì ńkọ́? Tí mo bá kọjú sí Marina, àríwá ló ń pè é. Ọmọ Èkó wo ni kò mọ̀ pé ìhà gúúsù ni Marina wà?

Ìyàwó mi ní ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa kó má mí hẹlẹhẹlẹ ló ń ra aago òkè. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹ sọ èyí tí kò ní parọ́ fún mi.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Pẹ̀lẹ́ o, Àkàndé. ₦65,000 lórí aago, lásìkò tí a ń ka ẹ̀wà ní hóró hóró! Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ra aago kan nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Wọ́n ní omi kì í wọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ wọ balùwẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago mu omi yó. Ó gbé e sórí ìrẹsì tútù nínú agolo fún ọ̀sẹ̀ kan, a sì jẹ ìrẹsì náà lẹ́yìn rẹ̀ torí kò sí owó. Mo ń rẹ́rìn-ín báyìí, mi ò rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ṣèyí Ìkejà
Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ẹ fi aago àtijọ́ sílẹ̀. Garmin Instinct ni kẹ́ ẹ rà. Ó ní GPS, ó ń ya ipa ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà, tẹ́ ẹ bá sọnù ó máa mú yín padà. Mo ń ta fóònù àti aago ní Computer Village, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Èló lẹ ní lọ́wọ́?

Ọmọ Olúmọ
Ṣèyí ti ń polówó ọjà. Bọ̀dá Àkàndé, ìbéèrè mẹ́ta péré. Kí ni orúkọ aago tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà? Ibo lẹ fẹ́ wọ èyí tuntun lọ? Ṣé ẹ tò ó kẹ́ ẹ tó máa bú u?

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Ẹ ṣé gbogbo yín. Mi ò ní dárúkọ aago yẹn, kí wọ́n má lọ wí pé mò ń ba ọjà ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Òkè Kamẹrúùnù là ń lọ lóṣù Kejìlá, àwa ọmọ kíláàsì kan náà. Àwa mọ́kànlá la ti sanwó. Èmi nìkan ni mi ò tíì ní aago tó yẹ. Ọ̀kan nínú wọn sì wà tó máa ń fi aago tirẹ̀ hàn wá ní gbogbo ìpàdé, ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Títò wo ni ti aago? Èmi tí mo san owó, ṣé kò yẹ kó mọ ibi tí mo wà ni?

Ọmọ Olúmọ
Kò lè mọ̀ ọ́n! Èyí ni ò ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Aago yẹn kò mọ òkè rárá. Ìwúwo afẹ́fẹ́ tó wà lórí wa ló ń wọ̀n. Bí a bá ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ tó kù lókè orí wa ń dín kù, aago á wá ṣírò rẹ̀ sí mítà. Nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bíi ti Èkó, tí afẹ́fẹ́ bá fi 1 hPa (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́) dín, aago á ní ẹ ti gòkè nǹkan bíi mítà mẹ́jọ. Tí ojú ọjọ́ ló sì fà á pé afẹ́fẹ́ dín, àga kan ò sí lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, aago á ṣì máa gòkè lọ.

Nítorí náà la ṣe ń tò ó, ìyẹn ni pé ká fi nọ́ńbà gíga tó tọ́ sí i, níbi tí a ti mọ gíga rẹ̀. Èmi máa ń tò ó ní Abẹ́òkúta tí mo bá débẹ̀. Orí Olúmọ jẹ́ 137 mítà sí ojú òkun. Tí mo bá padà dé Ọjọ́ta, màá tún un tò. Pro Trek, Suunto, Garmin, gbogbo wọn ló ń fẹ́ títò. Garmin lè fi GPS ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ kan náà lòun náà ń kà.

Tóyìn Súrùlérè
Ẹ tò ó. Ẹ ka ìwé tó wà nínú páálí.

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Ìwé yẹn kéré bí ìwé àdúrà, lẹ́tà inú rẹ̀ sì dà bí èèrùn. Mo ti sọ ọ́ nù pẹ̀lú páálí. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ tí ẹ ń sọ yìí, òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Oòrùn ràn gan-an. Kí ló wá fa 26 mítà?

Baba Atukọ̀, Àpápá
Ẹ jẹ́ n bá yín dá sí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fi ọdún mẹ́tàlélógún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì mọ afẹ́fẹ́ ilẹ̀ olóoru dáadáa. Ní apá ayé wa níbí, afẹ́fẹ́ ń wúwo, ó sì ń fúyẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ó máa ń ga jù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ jù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́rin ìdájí. Láti mẹ́wàá àárọ̀ dé mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó lè fi bíi 3 hPa sọ̀kalẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di mítà mẹ́jọ mẹ́jọ: 24. Tìrẹ jẹ́ 26. Aago yẹn kò parọ́, ọmọ mi. Kódà ó dára jù bí mo ṣe rò.

Nínú ọkọ̀ wa, ọ̀gá kan wà tí yóò bú ẹni tó kọ nọ́ńbà aago mẹ́rin sínú ìwé ọkọ̀ tí kò kọ ti aago mẹ́wàá sí i. Ó ní "ìdajì òtítọ́ ni o kọ." Ará Gánà ni, ó fẹ́ràn gàrí ju bí a ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Baba, ẹ kú ìmọ̀. Ó wá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ náà ń lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń padà sílé.

Ṣèyí Ìkejà
Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ta ló fẹ́ máa jókòó ṣírò? Garmin. Mo tún sọ ọ́.

Ọmọ Olúmọ
Ṣèyí, ẹ máa kó jẹnẹrétọ̀ gun òkè ni? Bátìrì Garmin ń fẹ́ ṣájà; tẹ́ ẹ bá tan GPS rẹ̀ kalẹ̀, ó máa ń mu iná bí ẹni mu ẹmu. Casio Pro Trek ń fi ìmọ́lẹ̀ gba agbára. Suunto Core ń lo bátìrì CR2032, èyí téèyàn lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀. Mo máa ń di méjì sápò. Ó tún ní agogo ìkìlọ̀ ìjì: tí afẹ́fẹ́ bá fi 4 hPa sọ̀kalẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta, ó máa ké.

Ṣèyí Ìkejà
Kí ó máa ké ní Èkó? Òjò Èkó ń dé lójijì ni. Ìgbà tí ìjì bá ti gbé páànù ilé lọ tán ni aago yóò tó ké. Suunto Core kò sì ju omi 30 mítà lọ nínú ìwé rẹ̀, Instinct jẹ́ 100.

Ọmọ Olúmọ
Ta ló ń wẹ odò lórí òkè Kamẹrúùnù?

Tóyìn Súrùlérè
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ jà níta. Bọ̀dá Àkàndé, ẹ má gba ti àwọn tó ń ta á pé aago Casio Pro Trek kan máa ń gba àkókò láti ojú ọ̀run fúnra rẹ̀. Rédíò láti Jámánì, Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà, Japan àti Ṣáínà ni wọ́n ń gbà, kò sí èyí tó ń dé Èkó níbẹ̀. Ẹ má san owó lé e. Kẹ́ ẹ sì tò ó, mo ti wí.

Baba Atukọ̀, Àpápá
Kọ́ńpáàsì ló ń jẹ mí lọ́kàn. Àìtò gíga aago ò lè yí gúúsù padà di àríwá pátápátá bẹ́ẹ̀. Irin tàbí òòfà ló wà nítòsí rẹ̀. Ṣé ẹ ń gbé fóònù lé e? Ṣé inú ṣọ́ọ̀bù onírin ni?

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Rárá, Baba. Ìta gbangba ni mo ti dán an wò, lórí títì. Fóònù wà nínú àpò. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi, àfi aago náà àti ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìyá mi rà fún mi.

Ọmọ Olúmọ
Ẹ̀gbà wo?

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Ẹ̀gbà ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn tó ń kiri inú bọ́ọ̀sì ló ń tà á, tó ní òòfà kéékèèké nínú, tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn. Ọwọ́ òsì kan náà ni wọ́n wà, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gé aṣọ.

Ọmọ Olúmọ
Yéè!

Ṣèyí Ìkejà
Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ gbé kọ́ńpáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà, ẹ wá ń bú ọlọ́jà.

Baba Atukọ̀, Àpápá
Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ bọ́ ẹ̀gbà náà, kí ẹ jìnnà sí mọ́tò, kí ẹ fi aago yí po bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, Marina yóò padà sí gúúsù. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì dé òkè Kamẹrúùnù, ẹ ṣọ́ra: òkè oníná ni, ó tú ní 1999 àti 2000, òkúta rẹ̀ ní irin nínú. Ẹ má gbé aago lé òkúta kẹ́ ẹ máa wo àríwá.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Ẹ dúró ná, gbogbo ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ òkúta. Àkàndé, ẹ̀jẹ̀ ríru? Ta ló sọ fún ọ pé o ní in? Oògùn wo lò ń lò?

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Ẹ ṣé, Baba Atukọ̀. Ìṣòro kan ló kù: aago náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Inú bí mi, mo tà á fún àbúrò ìyàwó mi ní Mushin ní ₦20,000.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Mi ò bi ọ́ léèrè aago. Oògùn.

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Mà, dókítà ló sọ ọ́ ní ọdún tó kọjá. Wọ́n fún mi ní oògùn kan tí mo ń lò láràárọ̀. Nígbà tí ìyá mi ra ẹ̀gbà yìí, ara mi yá, mo bá fi oògùn sílẹ̀. Ó ti tó oṣù márùn-ún. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí o. Àtẹ̀gùn nìkan ni mo ń mí sí díẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò fẹ́ fi ìyẹn fọ́nnu níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn. Bí ara ṣe yá ọ yẹn, oògùn ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbà. Ẹ̀gbà òòfà kì í wo ẹ̀jẹ̀ ríru. O fi oògùn sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún, ò ń mí hẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, o sì fẹ́ gun ibi tó lé ní 4,000 mítà? Ìyàwó rẹ ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ lónìí. Tí ọ̀la bá fi máa dé, mo fẹ́ rí nọ́ńbà méjèèjì níbí.

Tóyìn Súrùlérè
Ẹ lọ o.

Ṣèyí Ìkejà
Ẹ̀gbọ́n, mo mú Garmin kúrò nílẹ̀. Ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo lọ láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi sì tẹ̀ lé mi bí ẹni ń mú ọ̀daràn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. 172 lórí 106. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Mo ti padà sí oògùn, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ méjì, kí n má sì fi òkè yẹn sọ́kàn títí wọn yóò fi rí mi. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì. Ẹni tó máa ń fi aago hàn wá ló kọ́kọ́ pè mí, ó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, ó yà mí lẹ́nu.

Ẹ̀gbà náà wà nínú dúrọ́ọ̀. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú
Má sọ nǹkan kan fún ìyá ẹ. Sọ pé ó ti wọ́. Ọlọ́run á mú ẹ̀jẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀.

Baba Atukọ̀, Àpápá
Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Aago náà ńkọ́?

Àkàndé Aláṣọ, Ìdúmọ̀tà
Mo kọjá sí Mushin nígbà tí a kúrò níbẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi wọ̀ ọ́, kò sí ẹ̀gbà lọ́wọ́ tirẹ̀. Ó kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, kọ́ńpáàsì ní ìwọ̀-oòrùn. Ojú tì mí. Mo ní kó tà á padà fún mi. Ọmọ tí mo tà á fún ní ₦20,000! Ó ní ₦50,000 ni. Mo ti ná an dé ₦35,000, ó ní òun máa bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ ná.