Omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀fun lóru: kí ni kó máa jẹ, kí ni kó fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá àwọn ìbejì ni mo ń béèrè fún, ẹni ọdún 47. Bó bá ti dùbúlẹ̀ lálẹ́ báyìí, àyà á máa ta á, omi kíkan á gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, á wá máa húkọ́. Aago 9 alẹ́ ló ń ti ibi iṣẹ́ dé ní Èkó, èbà ló fẹ́ràn jù, kó sì tó di aago 10 ààbọ̀ ó ti sùn. Ó ti yọ ata kúrò nínú ọbẹ̀, kò fẹnu kan ọsàn mọ́, síbẹ̀ ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Àwọn kan ní kó máa mu mílíìkì kó tó sùn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa bá mi dá sí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Aago tó ń jẹun ló kọ mí lóminú ju ata lọ. Ẹni tó jẹ èbà kúnnákúnná ní aago 9 ààbọ̀, tó sì sùn láàárín wákàtí kan, bí ọbẹ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ ní ata rárá, omi inú rẹ̀ á gòkè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iṣan kan wà bí òrùka níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ ń wọ̀ nínú ikùn. Ó máa ń là kí oúnjẹ lè kọjá, á sì tún pa dé. Bí àpòlúkù bá kún jù, á máa ti iṣan náà láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rá, ọtí, sìgá, ṣokoléètì àti mínǹtì sì máa ń mú kó dẹ̀. Bí èèyàn bá jókòó tàbí tó dúró, omi kíkan náà á wà nísàlẹ̀ níbi tó yẹ kó wà. Bó bá dùbúlẹ̀, ọ̀nà ti tẹ́jú fún un nìyẹn. Ìdí tá a fi ń sọ pé kí wákàtí 3 wà láàárín oúnjẹ àti oorun nìyẹn, torí oúnjẹ gidi, pàápàá èyí tó lọ́ràá, kì í tètè kúrò nínú àpòlúkù.

Ẹni tó ń wọlé ní aago 9 ò lè rí wákàtí 3 yìí mú, àyàfi tó bá yí ètò oúnjẹ padà. Ẹ di oúnjẹ gidi sínú kúlà fún un, kó jẹ ẹ́ láàárín aago 4 sí 5 kó tó bọ́ sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Bó bá délé, kó kàn fi nǹkan díẹ̀ panu: mọ́ínmọ́ín 1, tàbí ègé iṣu sísè 2 kéékèèké pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Kó má mu omi tó pọ̀ lé e lórí, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lọ́sàn-án dípò bẹ́ẹ̀. Kó tú ìgbànú tó bá ti wọlé. Bí ikùn rẹ̀ bá yọ síwájú, kó dín ara kù, torí ọ̀rá ikùn náà ń tẹ àpòlúkù láti ìta.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Gbogbo èyí ti gùn jù. Kánún bíńtín nínú omi, ó tán! Tàbí kó máa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láàárọ̀, ó máa ń pa ásíìdì.

Apògùn:
Ọ̀gá mi Ọmọ Àgbẹ̀, ẹ má bínú o. Òótọ́ ni pé kánún lè pa kíkan, kì í ṣe pé àwọn bàbá wa kàn ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú bíńtín náà, iyọ̀ ibẹ̀ ò sì dáa fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín. Bó bá tún pàdé omi kíkan, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń dà, inú á wú, èèyàn á máa gùnfẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì gùnfẹ̀ ni iṣan tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn ń là. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe kedere: òun fúnra rẹ̀ kíkan ni. Ẹ fi í sílẹ̀, àti àgbo tí wọ́n rẹ sínú omidùn tàbí ògógóró.

Mílíìkì máa ń tutù lọ́fun fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rá àti purotéènì inú rẹ̀ á mú kí àpòlúkù da omi kíkan mìíràn jáde. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń mu sùn.

Ní ti oògùn, Mist Mag àtàwọn oògùn olómi irú rẹ̀ tó ń pa kíkan wà fún ìgbà tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kó má lò ó pa pọ̀ mọ́ ciprofloxacin tàbí tetracycline, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kó lo ìwọ̀nyí ní wákàtí 2 ó kéré tán ṣáájú Mist Mag tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀, torí kò ní jẹ́ kí wọ́n wọ ara. Omeprazole, tó ń dín omi kíkan tí àpòlúkù ń dà kù, yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé e mì lẹ́yìn oúnjẹ tàbí nígbà tí àyà bá ti ń ta wọ́n, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí 1 ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń lò ó, odindi, láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Tó bá lò ó fún ọjọ́ 14 tí kò lọ, tàbí tó lọ tó tún padà wá, kó rí dókítà. Kó má sì máa ra ibuprofen tàbí diclofenac fún ẹ̀yìn ríro lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé kò ní jẹ èbà mọ́ láé nìyẹn? Ìjà ni mo fẹ́ dá sílẹ̀ nínú ilé yìí o! Mo tún gbàgbé láti sọ pé ó ń lo amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Olóúnjẹ:
Á jẹ èbà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ lọ́sàn-án, kó sì tó ìkúùkù rẹ̀ 1. Ẹ wo irú gàrí tẹ́ ẹ ń rà pẹ̀lú. Gàrí Ìjẹ̀bú máa ń pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án, ìdí tó fi kan nìyẹn. Ẹ wá èyí tí kò kan. Rírẹ gàrí mu lálẹ́, ẹ gbé ìyẹn kúrò ńlẹ̀ pátápátá: ó kan, ó ń wú nínú, ẹ̀pà tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ sì lọ́ràá. Láfún náà kan díẹ̀. Àmàlà èlùbọ́ iṣu, iyán àti iṣu sísè kì í sábà dààmú ẹni bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ mu ògì, ẹ máa da omi orí rẹ̀ nù lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ sì fi omi tuntun sí i, kíkan rẹ̀ á dín kù.

Ọbẹ̀ wá ńkọ́? Yíyọ ata nìkan, tẹ́ ẹ wá fi tòmátì àti epo rọ́pò rẹ̀, kò yanjú nǹkan kan. Ẹ lo tàtàṣé ńlá 4 sí tòmátì 1 àti àlùbọ́sà kékeré 1 tó jiná dáadáa, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ lórí iná kẹ́ ẹ tó fi epo ṣíbí ìjẹun 2 sí i. Tó bá jiná, ẹ gbọ́n epo tó léfòó kúrò. Ẹja sísè tàbí adìẹ tẹ́ ẹ bó awọ rẹ̀ ló dáa, ẹ má dín in. Dòdò àti àkàrà, kó máa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ lálẹ́.

Ata rodo kì í da gbogbo èèyàn láàmú bákan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 tí ara bá ti rọ̀ ọ́, ẹ dá oúnjẹ kan ṣoṣo padà, kẹ́ ẹ wò ó fún ọjọ́ 3, kẹ́ ẹ tó dá òmíràn padà. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tó jẹun. Ní ti èso, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dáa ju ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti àgbálùmọ̀ lọ. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kọfí àti obì, kó dín gbogbo wọn kù.

Apògùn:
Amlodipine tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn ṣe pàtàkì. Ó wà lára oògùn tó lè mú kí iṣan náà dẹ̀. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o! Kó sọ fún dókítà tó kọ ọ́ fún un, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn wà tí wọ́n lè fi pààrọ̀ rẹ̀.

Bí oúnjẹ bá ń há a lọ́fun, tó ń rù láìnídìí, tó bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú kirikiri, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́, ilé ìwòsàn ni. Bí àyà bá ń fún un tí ó ràn dé apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń làágùn, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fún un ní Mist Mag kẹ́ ẹ máa wò ó.

Alhaja:
Lóṣù Ààwẹ̀ ńkọ́? Ìgbà yẹn gan-an ló máa ń le jù fún àwọn kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ìṣínu rẹpẹtẹ àti oorun lẹ́yìn sààrì ló ń fà á, Alhaja. Kí onítọ̀hún fi dàbínù 3 àti omi ṣínu, kó kírun, kó tó jẹ oúnjẹ tí kò pọ̀. Mọ́ínmọ́ín ni kó jẹ dípò àkàrà. Ní sààrì, kó tètè dìde, kó jẹ díẹ̀, kó má sì padà sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn Àsùbáà, kó jókòó ka Kùránì tàbí kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ó ti to ìrọ̀rí 3 jọ báyìí láti fi sùn, kò tù ú.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Kò lè tù ú. Ìrọ̀rí púpọ̀ ń ká èèyàn níbi ìbàdí, ó sì ń fún àpòlúkù pọ̀. Bẹ́ẹ̀dì gan-an ni kẹ́ ẹ gbé sókè níbi orí: ẹ fi gedú tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà lápá orí, kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò díẹ̀ sí i lórí kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì má yọ̀ kúrò. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ lẹ tẹ́ fóòmù sí, ẹ gé fóòmù àtijọ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tì í sábẹ́ rẹ̀ láti ìbàdí dé orí. Kó fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Lápá òsì ni àpòlúkù tẹ̀ sí, bó bá dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu àpòlúkù á ga ju omi inú rẹ̀ lọ.