Ṣé ó yẹ ká gbàwé àṣẹ ká tó tún ilé ara wa ṣe?

Ọmọ Mushin:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé ẹbí wa ní Mushin, alájà kan ni, ó kọjú sí títì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká fọ́ ògiri yàrá iwájú kó di ṣọ́ọ̀bù, kówó máa wọlé. Bíríkìlà tó mú wá fi ìka kan ògiri náà kókó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ògiri lásán nìyí, kò tó iṣẹ́ ọjọ́ kan." Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìwé àṣẹ. Àtúnṣe ṣáà ni, àbí?

Àbúrò bàbá wa tó ti ṣiṣẹ́ dẹ́kìn rí ló ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní kí wọ́n ha pilásítà òkè ibẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ha á ni bíìmù yọjú: orí ògiri "lásán" yẹn ló jókòó lé, kò sí òpó kankan lábẹ́ rẹ̀. Yàrá màmá wa ló sì wà lókè ibẹ̀ gan-an! Bíríkìlà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń gbọn sìmẹ́ǹtì kúrò lára bàtà. A pe ẹ́ńjíníà. Ó ní ká kọ́kọ́ fi ọparun àti pákó gbé òkè ró, ká da òpó tuntun, ká fún un ní ọjọ́ 28 kó le dáadáa, ká tó yọ bulọ́ọ̀kù kan. Ẹ̀gbọ́n mi ráhùn owó títí.

Ìdí tí mo fi fara mọ́ àyẹ̀wò nìyẹn. Kì í ṣe fún ọ̀dà kíkùn tàbí páànù tó ń jò o. Ẹni tó bá ní kí n wá gbàwé torí ọ̀dà, ebi ló ń pa á. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan òpó, bíìmù àti dẹ́kìn, kí ẹni tó mọṣẹ́ wá wò ó.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ́nù:
Àbúrò, ẹ kú orí ire. Níbí náà, kò sẹ́ni tó ń bi wá léèrè ọ̀dà. Àmọ́ nígbà tá a fẹ́ yọ ògiri tó wà láàárín kíṣìnì àti pálọ̀, dandan ni kí Building Control, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò níbí, mọ̀ sí i. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá ní a ò gbọdọ̀ bo irin tó gbé òkè dúró kí òun tó rí i. Ó gun àkàbà, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ibi tí irin náà ti jókòó lórí bíríkì lápá méjèèjì. Kó tó dé, àwọn òṣìṣẹ́ ń mu tíì, owó mi ń lọ! Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ṣe tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ talé, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà dà? Díẹ̀ ló kù kí oníbàárà sá lọ.

Bàbá Ṣadé, Agége:
Ẹ fi Lọ́ńdọ́nù sílẹ̀ ná. Sàlángá ni mo fẹ́ tún ṣe, mo já yanrìn síwájú ilé. Kò pẹ́ táwọn kan fi gbé ọ̀dà pupa dé, wọ́n kọ STOP WORK gàdàgbà sára fẹ́ǹsì. Wọn ò wọlé, wọn ò béèrè ohun tí mò ń ṣe. "Bàbá, kí lẹ ní fáwọn ọmọ yín?" Ṣé àyẹ̀wò nìyẹn? Ilé Ìta Fájì tó wó lọ́dún 2019, tòun ti iléèwé tó wà nínú rẹ̀, ṣebí wọ́n ti sàmì wíwó sí i lára tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Mushin:
Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Mi ò lè bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Ní Èkó, àjọ ìjọba méjì ló wà fún un: LASPPPA ló ń fúnni níwèé àṣẹ, LASBCA ló yẹ kó máa wo iṣẹ́ bó ṣe ń lọ. Tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ kọ ohun tó rí sílẹ̀, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kó sì fún onílé ní ẹ̀dà kan. Ojú títì kọ́ lèèyàn ti ń wo bíìmù.

Ẹ̀gbọ́n mi tún ti gbé òmíràn dé o. Táǹkì omi lítà 2,000 ló fẹ́ gbé sórí dẹ́kìn kan náà. Omi nìkan, tọ́ọ̀nù méjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé irú ẹ̀ sókè rí, orí kí lẹ gbé e lé?