Àròkọ mi lórí ohun tó fa Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà: níbo ni mo ti ṣìnà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ ìtàn ni mo ń kà ní yunifásítì, ìtàn Amẹ́ríkà la sì ń kọ́ ní sáà yìí. Wọ́n ní kí a kọ àròkọ lórí ohun tó fa Ogun Abẹ́lé tí wọ́n jà láti 1861 sí 1865. Mo kọ ojú ìwé mẹ́sàn-án, mo to gbogbo ogun náà láti Fort Sumter tó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé Appomattox tí ọ̀gágun àgbà Gúúsù ti túúbá, mo sì parí rẹ̀ pé ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀, ìyẹn agbára ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìsí ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n torí rẹ̀ jà. Máàkì 42 ni mo gbà. Níbi tí mo ti dárúkọ ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀, olùkọ́ wa fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí etí ìwé pé: “Ẹ̀tọ́ láti ṣe kí ni?” Kò kọ ohun mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń fẹ́ kí n ṣe?

Ìyá Onítàn:
Àbúrò, ó ń fẹ́ kí o lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó dá ogun náà sílẹ̀. South Carolina, ọ̀kan lára àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń lo ẹrú, ló kọ́kọ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá, ọdún 1860, lẹ́yìn tí Lincoln, tí kò fẹ́ kí oko ẹrú tàn kálẹ̀ sí i, wọlé ìbò ààrẹ. Ní ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gbé ìwé jáde láti ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nígbà tí o bá kà á, wàá rí i pé ẹjọ́ tí wọ́n ń rò jù lọ ni pé àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá kọ̀ láti dá ẹrú tó sá padà fún olówó rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe òfin tiwọn láti fi dínà fún òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí irú ẹrú bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ làwọn ń jà fún ni inú tún ń bí nígbà tí ìpínlẹ̀ mìíràn lo ẹ̀tọ́ tirẹ̀! Mississippi, ìpínlẹ̀ Gúúsù mìíràn tó yà kúrò, kò tilẹ̀ fepo bọyọ̀ rárá: ìbẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ gan-an ló ti sọ pé ọ̀rọ̀ níní ẹrú ni gbogbo ìdúró òun rọ̀ mọ́.

Máa wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé kí o tó gba ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́. Alexander Stephens, igbákejì ààrẹ àwọn ìpínlẹ̀ tó yà kúrò, sọ ní Savannah ní oṣù Kẹta 1861 pé òkúta igun ilé ìjọba tuntun àwọn ni pé adúláwọ̀ kò bá aláwọ̀ funfun dọ́gba, pé ipò ẹrú ló tọ́ sí i. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n sì ti pàdánù, ọkùnrin yìí kan náà kọ ìwé gbàǹgbà láti fi sọ pé ọ̀rọ̀ òfin àti ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni gbólóhùn tí o kọ yẹn ti jáde, bí ìwọ kò tilẹ̀ mọ̀.

Ọmọ Ajé:
Ẹ má bínú, mà. Wọ́n kọ́ wa pé owó ibodè tí wọ́n ń bù lé ọjà òkèèrè ló bí Gúúsù nínú.

Ìyá Onítàn:
Ẹ to ọdún rẹ̀ wò. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, 1861 ni ààrẹ Buchanan fọwọ́ sí òfin Morrill tó gbé owó náà sókè, ìpínlẹ̀ méje sì ti lọ kó tó di ọjọ́ náà. Lóòótọ́ South Carolina bá ìjọba àpapọ̀ fà á lórí owó ibodè ní 1832, ṣùgbọ́n kò sí ìpínlẹ̀ kan tó tẹ̀lé e.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ayé tó kù kún un, nítorí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ tiwa. Òwú tí àwọn ẹrú ń gbìn ní Gúúsù ni ilé iṣẹ́ aṣọ Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò jù lọ. Nígbà tí ogun dí ọ̀nà òkun, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀, owó òwú gbéra sókè, Íjíbítì àti Íńdíà sì rí ọjà tà. Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, Martin Delany, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, àti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, ti wá sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù Kejìlá 1859, Alákè àti àwọn ìjòyè bá wọn fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó síbẹ̀, kí wọ́n sì máa gbin òwú. Àdéhùn náà kò fìdí múlẹ̀. Campbell padà wá sí Èkó, ó sì dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863. Delany ní tirẹ̀ di ọ̀gá ológun onípò Major nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Lincoln ní 1865. Àwọn méjèèjì ló kọ ìròyìn ìrìn àjò wọn, wàá sì rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:
Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Ẹ ṣé, sà. Mo ti tẹ ìwé Mississippi jáde, mo sì ti fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹrú. Ìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú ìwé àkọ́kọ́. Olùkọ́ wa gbà kí n tún un kọ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ìròyìn Campbell ni mo fẹ́ kà lálẹ́ òní.