Nígbà tí ètò ìgbohùnsílẹ̀ kò bá rí audio interface

Olùbéèrè:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará wa gbogbo. Mo ra audio interface kan (àpótí kékeré tí a ń so makirofóònù mọ́ kí ohùn lè wọ kọ̀ǹpútà) tí ó ń lo wáyà USB, kí n lè máa fi makirofóònù gidi gba ohùn mi sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi tí ó ń lo Windows 11. Bí mo bá ti so interface náà mọ́ kọ̀ǹpútà, iná ara rẹ̀ máa ń tàn, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí Audacity, ètò tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, makirofóònù tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ń rí yàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yọ Audacity kúrò tí mo sì dá a padà, síbẹ̀ ibi tí a fi sí náà ni ó wà. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo gbọ́dọ̀ ka ohùn sí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí ni ó sì ṣe sí i?

Olùdáhùn àkọ́kọ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo mọ bí ó ti ń rí lára nígbà tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀ tí irinṣẹ́ kò sì dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a fi Audacity sílẹ̀ ná, nítorí mo gbà pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yíyọ tí ẹ ń yọ ọ́ tí ẹ ń dá a padà, ètè ni ẹ fi sílẹ̀ tí ẹ ń pa làpálàpá. Ètò ìgbohùnsílẹ̀ kì í dá wá ohun tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà. Windows ni ó máa ń bi léèrè, ohun tí Windows bá sì dárúkọ fún un ni yóò tò síwájú yín. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wádìí ni bóyá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà lẹ́nu wáyà yẹn.

Ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ X, kí ẹ yan Device Manager, kí ẹ sì ṣí ibi tí wọ́n kọ Sound, video and game controllers sí. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, kí ẹ yọ wáyà interface náà, kí ẹ sì tún un so. Bí kọ̀ǹpútà bá rí i, gbogbo àkọsílẹ̀ náà yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, orúkọ tuntun yóò sì yọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ Other devices ni ó bọ́ sí, tàbí tí onígun mẹ́ta kékeré aláwọ̀ ìyeyè bá wà lára orúkọ náà, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà rí i, ṣùgbọ́n driver, ètò kékeré tí yóò fi bá a sọ̀rọ̀, ni kò sí tàbí ni kò pé. Bí ohunkóhun kò bá sì mira, ọ̀rọ̀ di ti wáyà, ti ihò USB, tàbí ti iná tí kò tó.

Wáyà ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí iná tí ẹ rí tí ó ń tàn yẹn lè ṣi ènìyàn lọ́nà pátápátá. Okùn mẹ́rin ni ó wà nínú wáyà USB 2.0 tí ó pé: méjì ń gbé iná, méjì yòókù ń gbé dátà. Àwọn wáyà kan sì wà tí wọ́n ṣe fún gbígba iná sínú fóònù nìkan, tí kò sí okùn dátà nínú wọn. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ so interface mọ́ kọ̀ǹpútà, iná yóò tàn dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ kankan kò ní kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Láti ìta, wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Nígbà kan, lẹ́yìn tí mo ti fi odidi òpin ọ̀sẹ̀ kan bá driver wọ̀yá ìjà, mo mú abẹ, mo la wáyà tí mo ń lò láàárín. Okùn pupa kan àti dúdú kan ni mo bá níbẹ̀. Funfun àti aláwọ̀ ewé tí ó yẹ kí ó máa gbé dátà kò sí níbẹ̀ rárá. Láti ìgbà náà, wáyà tí ó bá interface wá nínú páálí rẹ̀ ni mo ń lò, mo sì lẹ bébà mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má bàa mú un lọ fún fóònù. Bí tiyín bá ti sọnù, ẹ wá èyí tí ẹ ti fi kó àwòrán láti inú fóònù sórí kọ̀ǹpútà rí, nítorí ìyẹn ti jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ẹ má ṣe so ó gba inú hub (ohun tí ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) tí kò ní iná tirẹ̀. Ìlànà USB 2.0 fi milliampere 500 sí ihò kan, ti USB 3.0 sì jẹ́ 900. Hub aláìníná a máa pín ìwọ̀nba yìí fún gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá wá tẹ bọ́tìnnì 48V, èyí tí ń fi iná ránṣẹ́ sí makirofóònù condenser tí ó nílò iná, interface yóò béèrè iná sí i, ó sì lè kú kí ó tún jí, tàbí kí ó pòórá lójú Windows láàárín iṣẹ́. Ara kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ so ó mọ́, kí ẹ sì dán ihò mìíràn wò bí ọ̀kan bá kọ̀.

Ní ti driver, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe interface náà nìkan ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sí i. Láti ọdún 2017 ni Windows 10 ti ní driver tirẹ̀ fún USB Audio Class 2, ìlànà tí ohun èlò ohùn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí USB, ìdí nìyẹn tí interface púpọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a fi nǹkan kan kún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lo ètò ìgbohùnsílẹ̀ bíi Reaper tàbí Cubase lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó nílò driver ASIO ti ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ohùn pẹ́ lójú ọ̀nà. Nínú Audacity, ẹ yan Windows WASAPI, ọ̀nà tí Windows fi ń gbé ohùn fún ètò.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń fara pamọ́. Makirofóònù ni Windows ka interface sí, nítorí náà ẹ lọ sí Settings, kí ẹ ṣí Privacy & security, kí ẹ yan Microphone, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ ti gba àwọn desktop apps láàyè níbẹ̀.

Olùdáhùn kejì:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ti àwọn tí ń lo Mac kún un. Audio MIDI Setup, tí ó wà nínú Utilities, ni kí wọ́n ṣí ní tiwọn. Bí orúkọ interface kò bá sí ní apá òsì, kò sí ètò ìgbohùnsílẹ̀ tí yóò rí i. Láti ìgbà tí macOS Mojave ti jáde lọ́dún 2018, ètò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó lo makirofóònù. Bí a bá ti tẹ Don't Allow lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ interface lè wà níbẹ̀ digbí, kí ìlà ohùn sì máa lọ gbọọrọ láìgbọn rárá. Inú System Settings, lábẹ́ Privacy & Security, ni a ti ń dá àṣẹ náà padà. Lórí Mac àti Windows bákan náà, ẹ ti gbogbo ètò ìpàdé orí fídíò pa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá lórí Windows, níbi tí ètò kan ti lè gba interface mú tí kò ní jẹ́ kí òmíràn fọwọ́ kàn án.

Olùbéèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ṣí Device Manager bí ẹ ti wí, mo yọ wáyà, mo tún un so, kò sí ohun tí ó mira. Wáyà fóònù ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá. Mo lọ tú páálí interface, mo rí wáyà tirẹ̀ lábẹ́ ìwé ìlànà, bí mo sì ti so ó báyìí ni orúkọ yọ. Audacity kò kọ́kọ́ rí i, àfi ìgbà tí mo tẹ Audio Setup tí mo sì yan Rescan Audio Devices. Ohùn mi ti ń wọlé báyìí, ṣùgbọ́n etí òsì nìkan ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ṣé interface náà ti bàjẹ́ ni?

Olùdáhùn àkọ́kọ́:

Rárá o, kò bàjẹ́. Ihò kìíní ni ẹ so makirofóònù mọ́, apá òsì ni Audacity sì ń gbé e sí nígbà tí ẹ bá ń gbà á sílẹ̀ ní Stereo (ọ̀nà méjì, òsì àti ọ̀tún). Ẹ padà sínú Audio Setup, kí ẹ yí Recording Channels sí Mono (ọ̀nà kan), kí ẹ sì gba tuntun sílẹ̀. Etí méjèèjì ni ẹ ó ti gbọ́ ọ.