Ìtọ̀ tó ń já lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prósítéètì

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹni ọdún 67 ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ prósítéètì fún mi, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ rọ́bà ìtọ̀, bí mo bá wúkọ́ tàbí tí mo fẹ́ dìde lórí àga, ìtọ̀ a já sí mi lára kí n tó mọ̀, àlùwàlá mi a sì bàjẹ́ láàárín ìrun. Dókítà ní kí n máa fún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀, bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, àti pé ó lè tó ọdún kan kí ara tó bọ̀ sípò. Mo ti dín tíì àti kọfí kù. Gààrí olómi tútù nìkan ni n kò tíì lè fi sílẹ̀, ẹ má bínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la èyí kọjá, oṣù mélòó ni ó gbà yín? Báwo ni ẹ ṣe ń jókòó pẹ́ lóde, bí ọjọ́ Ojúde Ọba? Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìtọ̀ náà tún ń tín-ín-rín bí òwú, mo sì ń tiraka kí ó tó jáde: ṣé kí n má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún mi?